Ògiri Méjì, Ọ̀pá Kan

Ọ̀gá Olúgbọ́njú fi ṣọ́ọ̀kì ya ọ̀pá irin kan sójú pátákó,
ó ya ògiri sí òsì, ó ya ògiri sí ọ̀tún,
ó fa ìlà wẹ́wẹ́ sára ògiri méjèèjì
bí irùngbọ̀n òbúkọ.
"Ọ̀pá yìí ò níbi tó ń lọ," ó ní,
"wọ́n dì í mú lórí, wọ́n dì í mú lẹ́sẹ̀."
Ó wá ya ọfà kan sí i lára, ó kọ ọgọ́ta,
ọfà náà kọjú sí ọ̀tún;
mítà kan sí ògiri òsì, mítà méjì sí ti ọ̀tún.
"Èló ni ògiri kọ̀ọ̀kan ń gbé?"

Kíláàsì dákẹ́. Ọyẹ́ ń ti fèrèsé,
eruku Ògbómọ̀ṣọ́ ti kun ìwé mi bí osùn.
Tìámíyù láti Arówómọ́lẹ̀ ní ọgbọ̀n-ọgbọ̀n ni.
Ọ̀gá rẹ́rìn-ín: "Ta ló sọ fún ọ pé wọ́n pín in dọ́gba?"

Òfin kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ wa:
ohun tí òsì gbé, ohun tí ọ̀tún gbé,
ká pa á pọ̀, kó jẹ́ ọgọ́ta.
Òfin kan, àìmọ̀ méjì.
Ogún àti ogójì bá a mu,
márùn-ún àti márùndínlọ́gọ́ta bá a mu,
kódà òdo àti ọgọ́ta bá a mu.
Òfin tó gba gbogbo èsì wọlé
kò tíì sọ nǹkan kan.

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká wó ògiri kan."
Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ti ọ̀tún nù.
Ọ̀pá nà.
Mítà kan tó wà lẹ́yìn ẹrù ló nà,
méjì tó kù kàn ń wọ́ tẹ̀lé e ni
bí àbúrò tó di etí ìró ẹ̀gbọ́n mú.
Ó dá ògiri padà. Ọ̀pá ti yọ kọjá àyè rẹ̀.
A ní láti tì í wọlé,
mítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la sì máa fún pọ̀,
títí ìrìn rẹ̀ á fi di òdo.
Òfin kejì nìyẹn: ògiri ò yẹ̀.
Ọgọ́ta lọ́nà kan, kí ni lọ́nà mẹ́ta?
Ogún.
Ogójì tó kù, ògiri tó sún mọ́ ẹrù ló ni ín.

Mo ju bírò sílẹ̀.

Láti ìgbà tí ìyá wa ti ṣubú ní balùwẹ̀,
èmi tí mò ń gbé ẹ̀yìn Tákíè ni mò ń gbé e lọ ọsibítù.
Láníhun, ẹ̀gbọ́n mi, wà ní Ṣakí.
"A jọ ń gbé e ni," ló máa ń wí lórí fóònù.
Òótọ́ ni. Àpapọ̀ rẹ̀ pé:
oògùn wà, ẹ̀kọ wà, ìyá ò sunkún.
Kò sẹ́ni tó bèèrè èwo ni ogójì.

Ọ̀gá tún ní: bí apá ọ̀tún bá jẹ́ bàbà,
tó ń dán, tó rọ̀ ju irin lọ,
ti òsì á tún lé sí i.
Mo rẹ́rìn-ín nìkan. Tìámíyù bojú wò mí.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo wó ògiri kan.
Mo pè é: "Mo ní ìdánwò, ọjọ́ mẹ́rin. Máa bọ̀."
Ó dé ní aago mẹ́wàá lórí ọ̀kadà,
àpò èlùbọ́ láàárín òun àti ẹni tó gbé e.

Ní ìdájí ọjọ́ kẹta mo yọjú.
Ó ti sùn lórí ìjókòó, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀,
ẹsẹ̀ ìyá wà lórí itan rẹ̀,
àkísà tútù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ti kọ ogún sí iwájú orúkọ rẹ̀ nínú ìwé mi.
N kò pa á rẹ́. Ìṣirò náà tọ̀nà.
Àmọ́ n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ogún
wúwo tó báyẹn.